Ayùn Thaddeus Zwicker

Yọ okùn iná ná.
Kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, yọ ọ́,
kó o gbé orí okùn síbi tí ojú rẹ yóò ti máa rí i.
Bẹ́ẹ̀ ni bàbá náà máa ń wí, láràárọ̀, lálaalẹ́,
bí ẹni pé a kò gbọ́ ọ rí,
ìlàjì ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ á sì máa tọ́ka sí púlọ́ọ̀gì.
Kò sọ ayùn tó jẹ ìlàjì kejì fún wa.

Lunenburg la wà, létí òkun àríwá,
níbi tí kùrukùru ti ń jí ṣáájú àwọn apẹja,
tí iyọ̀ ń bá afẹ́fẹ́ wọlé láìkan ilẹ̀kùn.
Irin kì í pẹ́ níbẹ̀ kó tó dípẹtà.
A ń tún àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé Ìyáàfin Knickle ṣe,
ayùn náà dúró sínú ẹrẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin
bí ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Ayùn tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ti mọ àyè rẹ̀.
Èyí tí à ń gbé sọ́kọ̀, tí à ń gbé sọ̀kalẹ̀,
gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló ń bá a wíjọ́;
ohun tó tọ́ lánàá lè wọ́ lónìí.
Nítorí náà Thaddeus kì í gba ẹ̀rí àná gbọ́.
Á fi irin ìwọ̀n wọn iwájú abẹ, á wọn ẹ̀yìn rẹ̀.
Á ti owó ẹyọ kan kọjá lórí àwo ọ̀fun ayùn:
bí owó bá kọsẹ̀, pákó náà yóò kọsẹ̀.
Bí ìwọ̀n bá fi irun orí kan ju ara wọn lọ,
ká dúró.
Kọfí á tutù. Ká dúró.

Ìrọ̀lẹ́ niṣẹ́ gan-an.
A ó dojú ẹ̀rọ dé, ìyẹ̀fun igi á tú bí èlùbọ́ tí àpò rẹ̀ ya.
A ó rẹ abẹ sínú omi ọṣẹ lọ́wọ́ọ́wọ́,
èmi á wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ eyín rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ogójì ni wọ́n.
Kò sí èyí tó gbọdọ̀ sùn toun toje lẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ kejì mi, mo ṣe é lóore.
Mo da epo sí eyín irin tó ń gbé abẹ lọ sókè sódò.
Ó dán gbinrin. Inú mi dùn.
Kó tó dọjọ́ kẹta, epo ti pe gbogbo ìyẹ̀fun jọ,
ó ti pò wọ́n bí amọ̀,
ọwọ́ ìyídà kò lọ, kò bọ̀.
Thaddeus kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.
Ó tú u palẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀,
síkúrù mọ́kànlélógún nínú ìdérí agolo kan,
ó fi ìka mẹ́sàn-án ààbọ̀ há amọ̀ mi kúrò.
Ìda gbígbẹ ló fi pa á.
“Ìfẹ́ tó bá ti rin jù,” ó ní, “eruku ló ń fà.”

Nígbà tí yìnyín bo ojú omi, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ dúró
láìfún ẹnikẹ́ni ní ìwé ìdágbére.
Hettie aya rẹ̀ pè mí lórí fóònù lóṣù kẹta:
“Wá gbé e. Kò jẹ́ kí n rí ilẹ̀kùn fìríìsà mi ṣí.”

Mo dojú rẹ̀ dé nínú gáréèjì wọn.
Kò sí ìyẹ̀fun. Ó ti fọ̀ ọ́ kó tó lọ.
Lábẹ́ tábìlì, lábẹ́ téèpù dúdú,
owó ẹyọ náà wà níbẹ̀, etí rẹ̀ kan ti jẹ.

Mo mú búrọ́ọ̀ṣì. Mo dúró.
Ẹ̀rọ náà kò tiẹ̀ sí lára iná, ó ti tó oṣù méjì.
Mo wá orí okùn rí lábẹ́ àpò iyọ̀ ojú ọ̀nà,
mo gbé e síbi tí ojú mi yóò ti máa rí i.